Ọ̀bẹ Nìkan Kì í Wo Orúnkún Sàn

Ohun tí ojú rí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àbíjáàn fi ń yin iṣẹ́ abẹ orúnkún àti èjìká: kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba ihò kékeré wọlé, àpá tí kò ju ìbú èékánná lọ. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ náà kò kóyán wọn kéré, àmọ́ ọgbọ́n iṣẹ́ yìí kò sí níbẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ ń tún àyè ṣe ni kí ara lè wo ara rẹ̀ sàn, àsìkò tí ara bá sì bèèrè, dandan ni kí a fún un.

Ẹ wo orúnkún. Iṣan kan wà láàárín rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí eegun ojúgun yọ síwájú. Bí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù maracana ní àdúgbò Yopougon bá fẹsẹ̀ gúnlẹ̀ tó sì yí ara lójijì, iṣan náà lè já láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí a bá rán an pọ̀ lásán, kì í sábà dúró. Láti 1917 tí oníṣẹ́ abẹ Ernest Hey Groves ti fi iṣan mìíràn dípò rẹ̀ ní Bristol ni ọ̀nà ti là. Lónìí, a lè yọ iṣan lẹ́yìn itan, ká ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ká lu eegun, ká fà á gba ihò náà kọjá, ká sì fi ìṣó tí a ń yí wọlé dì í mú. Ṣùgbọ́n iṣan tuntun yìí kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Bí ata tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí gbìn, yóò kọ́kọ́ rọ kó tó mú ilẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni agbára rẹ̀ máa ń kéré jù, ìgbà náà gan-an sì ni ìrora ti lọ, tí aláìsàn rò pé òun ti yá. Ìwádìí tó jáde ní 2016 láti Oslo àti Delaware fi hàn pé oṣù kọ̀ọ̀kan tí eléré bá fi sún ìpadà rẹ̀ síwájú, títí di oṣù 9, ń dín ewu ìpalára mìíràn kù ní nǹkan bí ìdajì. Agbábọ́ọ̀lù Sadiq Umar ọmọ Nàìjíríà, tí iṣan orúnkún rẹ̀ já ní oṣù kẹsàn-án 2022, kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí sáà náà fi parí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èjìká, tí oníṣẹ́ abẹ Codman ti Boston kọ̀wé nípa rírán iṣan rẹ̀ ní 1911. A lè rán iṣan tó já mọ́ eegun padà, kí apá sì wà nínú ìgbékọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ 6. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pẹ́ jù tó ti já, ẹran ibẹ̀ á ti di ọ̀rá, òwú kò sì ní rí ohun tí yóò dì mú. Ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ mọ ìgbà tí kò yẹ kó rán an.

Ẹnìkan lè ní bí ó bá jẹ́ ara ló ń ṣiṣẹ́, kí ni ọ̀bẹ wà fún? Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ní Sweden, wọ́n tẹ̀lé ọ̀dọ́ 121 tí iṣan orúnkún wọn já, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Nínú àwọn 59 tó fi eré ìmárale bẹ̀rẹ̀, 23 péré ló ṣe iṣẹ́ abẹ láàárín ọdún méjì, ipò orúnkún wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù tó tètè ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo gbà á. Àmọ́ àwọn 23 náà wà: ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀ nígbàkígbà tó bá yíjú padà nílò ju eré ìmárale lọ, fífà àti wíwọ́ kò sì lè so iṣan tó já. Òmíràn á ní ta ni yóò dúró ní ṣọ́ọ̀bù òun ní Adjamé fún ọ̀sẹ̀ 6? Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi yẹ kí a ṣírò ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn mọ́ owó iṣẹ́ abẹ kí a tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin òbí agbábọ́ọ̀lù àti ẹ̀yin oníṣòwò tí èjìká ń dùn, kí ẹ tó béèrè iye tí wọn yóò gbà, ẹ béèrè kiné, ẹni tó ń darí eré ìmárale, tí yóò máa tọ́jú yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti iye oṣù tí yóò fi ṣe é. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn fún yín, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé.