Orúkọ Ọnà-Èdè Nìkan Kọ́ ni Ewì: Lámèyítọ́ Ọ̀nà Àtúnkà Ewì fún Ìdánwò Lítíréṣọ̀ Èdè Gẹ̀ẹ́sì

1. Ìfáàrà
Àjọ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, ni ó ń ṣètò ìdánwò àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone, Gáḿbíà àti Làìbéríà. Nínú iṣẹ́ yìí, a ṣe lámèyítọ́ àwọn ìwé pélébé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń tún ewì kà bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Èrò wa ni pé orúkọ ọnà-èdè ni wọ́n sábà ń kọ́ni, wọn kì í kọ́ni bí ewì ṣe ń ṣiṣẹ́. Àpẹẹrẹ wa ni "The Leader and the Led", ewì Níyì Ọ̀ṣúndáre tó wà nínú ìlànà-ẹ̀kọ́ ọdún 2021 sí 2025.

2. Ẹranko tó ń sọ̀rọ̀
Àwọn ẹranko tó ń du ipò olórí ni ewì náà dá lé. Ìwé àtúnkà a to orúkọ sílẹ̀: ìfohunpènìyàn, àfiwé tààrà, àwítúnwí. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìfohunpènìyàn nìkan fẹ́ là yé ọmọ tó ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá, ti Ananse láàárín àwọn Akan, tàbí ti Gizo nílẹ̀ Haúsá? Kí ẹranko sọ̀rọ̀ kì í ṣe ìyanu nínú àlọ́. Ìṣe àlọ́ ni. Ìbéèrè tó yẹ ni pé, kí ni akéwì yí padà? Ìjàpá àti àwọn ẹlẹ́tàn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àrékérekè kọ́ ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà.

3. Ohun tí ìhun ń sọ
Kìnnìún gba ìlà mẹ́rin. Ìkookò, àgùnfọn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti erin gba méjì-méjì. Ìmàdò àti àgbáǹréré gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè. Bí ìlà ṣe ń dín kù ni sùúrù agbo ẹranko náà ń tán, títí rúdurùdu fi dé. Lẹ́yìn èyí ni ọlọ́gbọ́n inú igbó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìtakò tó dúró fún "ṣùgbọ́n", tó ti ń gé ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùdíje kúrú, kò sí lẹ́nu rẹ̀. Líle àti àánú, kedere àti àdììtú, gbogbo wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìjà. Ìhun gbólóhùn gan-an ni ó gbé ìdáhùn ewì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka iye ìlà, tó sì fi ojú wá "ṣùgbọ́n", yóò rí èyí fúnra rẹ̀.

4. Ìgúnlẹ̀
Lábẹ́ ìlànà-ẹ̀kọ́ yìí, ìbéèrè 5 nínú Pépà Kìíní dá lórí ewì tí akẹ́kọ̀ọ́ kò rí rí. Àkọ́sórí kò lè gbà á níbẹ̀. A kò ní kí a da orúkọ ọnà-èdè nù, nítorí ìdánwò ń béèrè wọn. Ohun tí a ń wí ni pé kí àkíyèsí ṣíwájú orúkọ. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ewì láìsí àlàyé, kí wọ́n fi èdè abínibí wọn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ibi tí ìhun ti yí padà, kí orúkọ tó tẹ̀lé e. Ọlátúnjí (1984) ti ṣe àpèjúwe àbùdá ewì alohùn Yorùbá. Ó kù sọ́wọ́ àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè láti ṣe irú rẹ̀ fún àlọ́ àwọn èdè wa, ní ọ̀nà tí olùkọ́ yóò lè mú lò ní kíláàsì.