Ọ̀sẹ̀ Kan, Lẹ́tà Kan: Ìkọ̀wé Láìdáwọ́dúró àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ìtàn Àròsọ Yorùbá

Nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìdàgbàsókè ìtàn àròsọ Yorùbá, ohun tí a sábà máa ń bèèrè ni ọdún tí wọ́n tẹ ìwé jáde, kókó tí ó dá lé, àti ọnà èdè tí ó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bèèrè: báwo ni òǹkọ̀wé ṣe ráyè kọ ọ́? Ṣé ojoojúmọ́ ni ó ń jókòó tì í, àbí ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá? Ta ni ó ń retí ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́ wo sì ni ó gbọ́dọ̀ parí? Ó lè dà bí ẹni pé ìbéèrè nípa ìgbésí ayé òǹkọ̀wé lásán ni ìwọ̀nyí. Èrò mi nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìbéèrè nípa iṣẹ́-ọnà gan-an ni wọ́n. Bí òǹkọ̀wé ṣe ń ṣètò iṣẹ́ rẹ̀ máa ń hàn lára ìtàn rẹ̀, bí a bá sì fojú fo èyí, àmì iṣẹ́ ni a ó máa pè ní àléébù.

Àpẹẹrẹ tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù lọ ni ti Isaac Babalọlá Thomas, ẹni tí ó dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1928. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìwé ìròyìn náà ń jáde, ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe òun nìkan ni ó wà lórí àtẹ. Eko Akete ti Adéoyè Dẹ́nígà ti jáde ní 1922, Eleti Ofe ti E. A. Akíntàn ní 1923, D. A. Ọbasá sì ti bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News ní Ìbàdàn ní 1924. Olóòtú tí ó bá fẹ́ kí òǹkàwé tún mú owó jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò fà á lọ́kàn. Ní oṣù keje ọdún 1929, Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà tí ó ní obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ kọ ránṣẹ́ sí òun, arúgbó aṣẹ́wó tí àìsàn ti dá wó, tí ó fẹ́ fi ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́gbọ́n kí ó tó kú. Lẹ́tà 30 ni ó jáde títí di oṣù kẹta ọdún 1930, a sì kó wọn jọ sí ìwé ní ọdún náà gan-an. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé ènìyàn gidi ni Sẹ̀gilọlá; àwọn mìíràn tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i. Lónìí, ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ni ó gbà pé ìwé yìí ni ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọ̀sẹ̀ tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni ṣe sí ìtàn náà. Àkọ́kọ́ ni ìrísí rẹ̀. Lẹ́tà jẹ́ ohun tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹnì kan ṣoṣo lè kọ ọ́ tán láàárín iṣẹ́ olóòtú. Ó dà bí aṣọ òfì: ahunṣọ kì í hun agbádá lẹ́ẹ̀kan náà. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tóóró ni ó ń hun, èyí tí ó bá hun lónìí ni yóò ká, lẹ́yìn náà ni a ó tó gán an pọ̀. Ìwé ọdún 1930 ni ìgánpọ̀; ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìhunṣọ.

Èkejì ni àwítúnwí. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà ní ìjókòó kan yóò rí i pé ìkíni sí olóòtú, ẹkún lórí èwe tí ó ti lọ àti ìkìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ń padà wá léraléra. Ó rọrùn láti pe èyí ní àléébù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá rà nílò ohun tí yóò fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Òǹkọ̀wé náà nílò ẹsẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ gbé kí ó tó rí ọ̀nà. A mọ èyí dáadáa nínú lítíréṣọ̀ alohùn wa: oníjàálá kì í wá ọ̀rọ̀ tuntun pátápátá fún ìbà ní gbogbo òde tí ó bá lọ. Ìjúbà tí ó ti mọ̀ ni ó fi ń ṣílẹ̀kùn ohun tí kò tíì mọ̀ pé òun yóò sọ.

Ẹ̀kẹta, àìsàn Sẹ̀gilọlá wúlò fún iṣẹ́ náà ju bí a ṣe rò lọ. Obìnrin tí ara rẹ̀ kò yá lè dá ọ̀rọ̀ dúró ní ibikíbi, láìsí pé ó ta ko ìtàn. Bí Thomas bá sì tún rí àkókò díẹ̀, ara rẹ̀ lè le sí i ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìlú Èkó pẹ̀lú di àká rẹ̀: àdúgbò, orin ìgbà náà àti àsọgbà láàárín ará ìlú. Òǹkọ̀wé tí ó ń kọ lemọ́lemọ́ kò lè gbára lé ìmísí nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti máa pọnmi.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Àwọn ibì kan wà tí ìkìlọ̀ ìwà rere ti gba ipò ìtàn, tí ohun tí a ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kò sì jinlẹ̀ sí i nígbà kẹrin. Bí ọwọ́ bá ti mọ ọ̀nà jù, ó lè máa lọ láìmú ojú dání. Ohun tí mo ń tako ni kí a dájọ́ kí a tó bèèrè iṣẹ́ tí àwítúnwí kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Ọ̀nà kejì tí ìtàn àròsọ wa gbà dé ni ìdíje. Ìdíje tí ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ gbé kalẹ̀ ní 1936 ni D. O. Fágúnwà tìtorí rẹ̀ kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún ni ó kọ láàárín 1938 sí 1961. Ìdíje ní ọjọ́ ìparí kan ṣoṣo. Ìwé ìròyìn ní ọjọ́ ìparí ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń kọ́ni láti parí iṣẹ́, èkejì ń kọ́ni láti tún bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ rántí bí Fágúnwà ṣe gbé ìtàn náà kalẹ̀: akọ̀wé jókòó pẹ̀lú gègé àti ìwé, Àkàrà-oògùn ń sọ, ó dá ọ̀rọ̀ dúró, ó lọ sílé, ó tún padà ní ọjọ́ kejì, èrò sì ń pọ̀ sí i. Ìkọ̀wé ojoojúmọ́ níwájú òǹkàwé tí ń retí ni Fágúnwà fi ṣe férémù ìtàn rẹ̀. A ti yin igbó náà tó. Ó tó àkókò kí a wo tábìlì akọ̀wé.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn rí ọgbọ́n mìíràn. Lápàdé inú Àjà Ló Lẹrù (1969) padà wá nínú Àgbàlagbà Akàn (1971) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Kọ́lá Akínlàdé náà lo ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, Akin Olúṣínà, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀dá ìtàn tí ó ń padà wá kò ní kí òǹkọ̀wé tún ìpìlẹ̀ wà. Agbára rẹ̀ yóò lọ sórí ọ̀ràn tuntun.

Kì í ṣe àárín wa nìkan ni lámèyítọ́ ti ń fura sí ẹni tí ó ń kọ púpọ̀. Anthony Trollope, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé ìtàn àròsọ 47. Àárọ̀ kùtù ni ó ń kọ̀wé kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, pẹ̀lú aago níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí ìwé tí ó kọ nípa ara rẹ̀ jáde ní 1883, lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí ó sì jẹ́wọ́ ìṣirò yìí, iyì rẹ̀ dínkù lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìwé tí wọ́n ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò yí padà. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọwọ́ tí ó kọ ọ́ ni ó yí padà.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ni pé irú iṣẹ́ Thomas tún ti pọ̀ láàárín wa. Àwọn òǹkọ̀wé ń fi ìtàn Yorùbá sórí Facebook àti WhatsApp ní abala kéékèèké, àwọn òǹkàwé ń dá wọn lóhùn, wọ́n sì ń bèèrè èyí tí ó kù. Ní ẹ̀ka èdè wa, a sábà máa ń dúró títí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yóò fi di ìwé kí a tó kà á sí lítíréṣọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé púpọ̀ nínú wọn kò ní di ìwé láéláé. Bí Thomas kò bá gán aṣọ rẹ̀ pọ̀ ní 1930, ìtàn àròsọ wa àkọ́kọ́ ì bá wà ní fọ́nkáfọ́nká nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, ibi tí ìwọ̀nba ènìyàn ni ó lè dé. Karin Barber padà sórí rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ó gbé jáde ní 2012, ó sì fi hàn bí ọ̀rọ̀ olóòtú àti lẹ́tà òǹkàwé ṣe jẹ́ ara ìtàn náà.

Nítorí náà, mo rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ń wá àkòrí: ẹ yan òǹkọ̀wé kan tí ń kọ lójoojúmọ́, kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tọ́jú abala kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tí ó jáde, àti èsì tí àwọn òǹkàwé fọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà tí ẹ bá ti ní èyí lọ́wọ́ ni ẹ tó lè sọ èwo ni àléébù, èwo sì ni ojú ibi tí ahunṣọ ti ká ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ di ọjọ́ kejì.