Igi Ìgbà Èwe Nínú Ewì

Bí akéwì bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀, kì í pẹ́ tí igi kan fi ń yọjú. Ó lè jẹ́ ìrókò ẹ̀yìn ilé, ó lè jẹ́ ọ̀dán ojú ọjà, ó sì lè jẹ́ máńgòrò tí àwọn ọmọdé ń sọ lókò. Mo ti ka irú ewì bẹ́ẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní yunifásítì, ohun kan náà ni ó sì ń kọ mí lóminú nínú ọ̀pọ̀ wọn: igi náà dúró gbagidi, akéwì ń sunkún nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. A kò mọ ẹni tí ó gbìn ín, a kò sì mọ ẹni tí ń ká èso rẹ̀. Irú igi bẹ́ẹ̀ dà bí àwòrán tí a gbé kọ́ ara ògiri. Èrò tèmi ni pé igi kò lè ru ìrántí ọmọdé nínú ewì àfi bí ó bá kọ́kọ́ ru ẹrù àwọn àgbà tí ó yí ọmọ náà ká.

Ẹ jẹ́ kí a wo Christopher Okigbo. Nínú Heavensgate, tí ó jáde ní ọdún 1962, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ padà sílé bí ọmọ tí ó ti sọnù. Ó dúró níwájú Idoto, odò Ojoto tí í ṣe ìlú Okigbo, ó sì fara ti igi kan. Kì í ṣe igi kan ṣáá. Igi tí àwọn Igbo ń fi èso rẹ̀ ṣe ugba ni. Ẹni tí ó bá ti jẹ ugba rí mọ̀ pé ilé ìdáná àwọn ìyá wà lẹ́yìn igi yẹn, bí akéwì kò tilẹ̀ dárúkọ oúnjẹ kankan níbẹ̀.

Niyi Osundare, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí a bí ní ọdún 1947, tẹ̀ síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú The Eye of the Earth, ìwé ewì tí ó jáde ní ọdún 1986. Nínú ewì tí ó pè ní “Forest Echoes”, ó tún rìn wọ inú igbó tí ó mọ̀ ní kékeré. Ìrókò wà níbẹ̀, ọ̀pẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa dá dúró. Ó so wọ́n mọ́ ilé àti iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ọmọ àgbẹ̀ ni ó ń wo igbó, kì í ṣe àlejò tí ó wá najú.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni akéwì méjèèjì fi kọ̀wé, ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí ti wà nínú ìjálá tipẹ́. Adébóyè Babalọlá fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá, tí ó jáde ní ọdún 1966, pé ọdẹ kì í ki ẹranko nìkan. Ó ń ki igi àti irúgbìn pẹ̀lú. Oríkì kì í sì í sọ pé igi rẹwà kí ó dákẹ́. Ó ń sọ ohun tí ó ń ṣe, ẹni tí ń bẹ̀rù rẹ̀, àti ẹni tí ń jẹ lára rẹ̀.

Ní Amuro, ní ilẹ̀ Okun tiwa, níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, igi irú ni ìbá kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí mo bá jẹ́ akéwì. Bí èso rẹ̀ bá gbó, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè tí ó dùn lẹ́nu ni ó yí kóró rẹ̀ ká. Ti ọmọdé ni ìyẹ̀fun, ti àgbà ni kóró. Kóró náà ni àwọn ìyá wa ń sè mọ́jú, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n tún ń sè, kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi di irú. Ẹni tí ó bá kọ ewì nípa adùn ẹnu ọmọdé, tí ó sì gbàgbé iná tí ìyá dá mọ́jú, ìdajì igi ni ó kọ.

Ẹnìkan lè wí pé ewì kì í ṣe ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀, pé ìmọ̀lára ni ẹrù akéwì. Mo gbà pé akéwì kò gbọdọ̀ sọ ewì di ìwàásù. Ṣùgbọ́n ìmọ̀lára tí kò rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀ kì í pẹ́ ṣá. Akéwì mẹ́wàá lè lò ó láìsí ìyàtọ̀ láàrin wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti kíláàsì lọ, nítorí ní ilẹ̀ Okun, igi ti ṣe iṣẹ́ ìwé ìtàn rí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ológun Núpé kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ wa lẹ́rú, títí di ọdún 1897 tí ọmọ-ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà. Àwọn ènìyàn sá gun orí òkè. Nígbà tí ó rọlẹ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ilé amọ̀ a máa wó, ṣùgbọ́n igi eléso a máa dúró sọ pé ènìyàn gbé ibẹ̀ rí. Lónìí, wọ́n ń gé igi òrí àti igi irú fún èédú ní Kogi àti Kwara. Igi irú lè lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so. Ẹ̀rọ agégi kò nílò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ sì ti mọ irú nínú ọ̀rá láìmọ igi rẹ̀.

Ewì kò lè mú kí igi tí a gé hù padà. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn tí ó bọ́ ṣègbé pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi àwọn ọ̀dọ́ akéwì léèrè pé: Igi wo ni? Ta ni ó ni ín? Ta ni ó jẹun lára rẹ̀? Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Nínú ewì pẹ̀lú, igi kan àti ọmọ kan kò tíì di ìlú.