Omijé Bàbá Perpetua

Ìtàn ìgbésí-ayé àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Kristi kò ṣòro láti dá mọ̀. Ẹni mímọ́ a dúró gbọn-in, ọ̀tá a pòfo, òǹkọ̀wé a sì fi ìyìn kádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí kò rọrùn bẹ́ẹ̀: ìwé èdè Látìn tó sọ nípa ikú Perpetua àti Felicitas ní ìlú Carthage, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Tùnísíà lónìí, ní ọdún 203.

Ọmọ ilé ire ni Perpetua, ẹni nǹkan bí ọdún 22, tó mọ̀wé, tó sì ń tọ́mọ lọ́wọ́. Olóòtú ìwé náà sọ pé Perpetua fúnra rẹ̀ ló kọ ìròyìn ìgbà tó wà lẹ́wọ̀n. Nínú ìròyìn yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bàbá rẹ̀, tí kì í ṣe onígbàgbọ́, yọjú. Ó fi ewú orí rẹ̀ bẹ ọmọ. Ó fi ẹnu kò ó lọ́wọ́, ó wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì pè é lọ́mọ mọ́. Bí ẹrú ti í pe ìyá olówó rẹ̀ ni ó ń pè é. Àwa tí a ti kékeré mọ ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kejì yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Nígbà tí Hilarianus, aláṣẹ Róòmù, ní kí wọ́n fi ọ̀pá na arúgbó náà níwájú ìgbẹ́jọ́, ó dun Perpetua bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n nà.

Lóòótọ́, níbẹ̀rẹ̀, Perpetua ka àròyé bàbá rẹ̀ sí ti èṣù. Bí ìròyìn ti ń lọ, àánú borí ìdájọ́. Kò yẹhùn, kò sì fi bàbá ṣẹ̀sín. Ibí yìí ni mo ti rí ọlá ìwé náà.

Nígbà tí olóòtú gba kálàmù, a kò gbúròó bàbá mọ́. Ó sọ bí Perpetua ṣe di ọwọ́ jagunjagun tó ń gbọ̀n mú, tó sì darí idà sí ọ̀fun ara rẹ̀. Ó wá fi kún un pé bóyá ikú kò tilẹ̀ lè pa irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bí kò bá fẹ́. Ìyìn ti gba ipò ìròyìn nìyẹn.

Felicitas ńkọ́? Ẹrú ni, ó sì bí ọmọbìnrin sẹ́wọ̀n ní oṣù kẹjọ oyún rẹ̀. Perpetua kò dárúkọ rẹ̀ nínú ohun tó kọ. Ẹnu olóòtú la ti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Augustine wàásù lọ́jọ́ ìrántí wọn, ó sì fi ìtumọ̀ orúkọ méjèèjì dárà. Ṣùgbọ́n orúkọ tó so pọ̀ kò sọ ohùn méjèèjì dọ́gba.

Nítorí náà, bí a bá ń ka ìwé yìí, kí a má wo adé nìkan. Kí a béèrè ẹni tó sunkún, kí a sì béèrè ẹni tí a kò fún ní kálàmù.