Ilé Ọtí Méjì

Àwọn kan gbà pé bí ìjọba bá ti kọ orúkọ ilé àtijọ́ sínú ìwé òfin, ilé náà ti bọ́ lọ́wọ́ ìparun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ọtí méjì ni mo fi ṣe ẹ̀rí.

Èkíní wà ní Èkó, ní Ìta Tinúbú. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, ní ìlànà ìkọ́lé àwọn Àgùdà. Ilojo Bar ni a mọ̀ ọ́n sí nígbẹ̀yìn. Ní 1956 ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Òfin lè ka ọwọ́ onílé kò. Kò lè mú kí ará àdúgbò fẹ́ràn ilé.

Èkejì wà ní Òṣogbo. Dúró Ládípọ̀ ni ó ni ín, Popular Bar ni ó ń jẹ́. Ní 1962, òun àti Ulli Beier sọ ọ́ di gbàgede eré àti ọnà, bí ẹgbẹ́ Mbari ti ṣe sọ ilé oúnjẹ ará Lẹ́bánónì kan ní Ìbàdàn di ibùjókòó wọn ní 1961. Èdè Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Lójú tèmi, orúkọ yìí ni àtúnṣe tí ó tóbi jù tí a ṣe sí ilé náà. Ohun tí a bá sọ lórúkọ, tiwa ni. Ibẹ̀ ni *Ọba Kò So* ti bẹ̀rẹ̀ ní 1963, tí ó sì dé Berlin ní 1964. Ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Múráínà Oyèlámì ti di ayàwòrán tí ayé mọ̀.

Àléébù rẹ̀ kò ṣàìsí. Orí ẹni méjì ni ẹrù náà wà jù. Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1966; Ládípọ̀ kú ní 1978. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn ọmọ Ìràwọ̀, Ṣakí àti Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tún ilé ìtajà àtijọ́ kan ṣe fún eré àti ọnà, ẹ má ti ọ̀dọ̀ akunlé bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pe onílù bàtá, ahunṣọ òfì, òṣèré àti ọmọ iléèwé wọ inú rẹ̀, bí òrùlé rẹ̀ tilẹ̀ ń jò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un lórúkọ, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni púpọ̀. Ilé tí ènìyàn ń wọ̀ lójoojúmọ́, kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti wó.