Sáfà Tó Ń Já Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ti wọ rélùwéè ní Lálúpọn rí, lójú irin tó ti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo, mọ iṣẹ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì ń ṣe. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò nínú ọkọ̀ kò mọ̀ ọ́ rí, kò sì ní bi ọ́ ní agboolé yín. Ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì gbé ọ dé àti ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ló ń wò. Ọgbọ́n yìí ni Steve Miller àti Clifford Neuman fi ṣe Kerberos, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ẹni tó fẹ́ wọlé, ní yunifásítì MIT, l'Amẹ́ríkà, lábẹ́ Project Athena tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Microsoft gbé e sínú Windows 2000, ó sì wà nínú Windows dòní.

Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé páásíwọ́ọ̀dù kì í gba inú wáyà kọjá. Bí olùkọ́ kan bá tẹ páásíwọ́ọ̀dù sínú kọ̀ǹpútà iléèwé, ojú ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò ti fi rọ kọ́kọ́rọ́. Irú kọ́kọ́rọ́ kan náà wà nípamọ́ lọ́dọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn yòókù; òun náà á fi ti iṣẹ́ tó fẹ́ rán pa. Ẹni tí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ bá tọ̀nà nìkan ló lè ṣí i, kó tó rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà. Olè tó lúgọ sí wáyà lè jí iṣẹ́ náà, kó jókòó tì í, kó máa méfò. Ìdí nìyẹn tí alábòójútó tó mọṣẹ́ kì í fi gba páásíwọ́ọ̀dù kúkúrú, ẹni yòówù kó bínú.

Bí Windows ṣe wá láti ilé, tíkẹ́ẹ̀tì kì í kọjá wákàtí 10, aago kọ̀ǹpútà àti ti sáfà kò sì gbọdọ̀ fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀. Ní àgbègbè tí iná ti ń ṣe ségesège, bátìrì kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣọ́ aago lè kú láìsẹ́ni tó fura. Kọ̀ǹpútà á jí, á ní ọdún 2010 la wà, sáfà á sì kọ̀ fún olùkọ́ láti wọlé. Ọ̀gbẹ̀rì á máa yí páásíwọ́ọ̀dù olùkọ́ padà. Ọ̀jáfáfá á kọ́kọ́ wo aago.

Ẹ tún wo bí ọ̀jáfáfá ṣe ń pín àṣẹ. Kì í fún olùkọ́ kan ṣoṣo láṣẹ lórí èsì ìdánwò. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ló ń fún, á wá fi onítọ̀hún sínú ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá gbé e lọ síléèwé mìíràn, á ti àkáǹtì rẹ̀ pa, kò ní pa á rẹ́ lọ́jọ́ náà. Nọ́ńbà ni Windows fi ń mọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe orúkọ. Bí o bá pa àkáǹtì rẹ́ tí o tún ṣe òmíràn lórúkọ kan náà, àjèjì lo mú wọlé. Ọ̀jáfáfá sì mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ náà ti gbà ṣáájú lè ṣì máa ṣiṣẹ́ títí wákàtí rẹ̀ yóò fi pé. Nítorí náà, lẹ́yìn tó bá ti àkáǹtì tán, á tún wá gbogbo kọ̀ǹpútà tí orúkọ yẹn ṣì ṣí sílẹ̀ lórí rẹ̀, á sì pa á dé lọ́kọ̀ọ̀kan.