Ṣé Dandan Ni Kí Oore Lérè Nínú Ìtàn Wa?

Nínú ìtàn oore tí à ń pa fún àwọn ọmọ wa, àlọ́ ọmọ òrukàn tí ìyàwó bàbá rẹ̀ rán lọ fọ igbá lódò wà lára èyí tó gbajúmọ̀ jù. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń pa á, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ kan náà ni. Odò gbé igbá lọ, ọmọ náà tọ̀ ọ́ lọ títí ó fi kan ìyá arúgbó kan tí egbò bò lára. Ó kí i, ó bá a fọ ẹ̀yìn, kò yínmú sí i. Ìyá náà wá ní kí ó lọ já àdó, kí ó fi èyí tó ń pariwo sílẹ̀, kí ó já èyí tó dákẹ́. Ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀, ọrọ̀ tú jáde. Ọmọ orogún náà lọ, ó yínmú sí egbò, ejò ló sì bá nínú àdó tirẹ̀.

Àlọ́ yìí dùn, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má pa á mọ́. Ohun tí a rí sí i ni pé àwọn eré àgbéléwò wa ti jogún rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó fi mọ́tò gbé àlejò láàárọ̀ ni yóò bá a lórí àga ọ̀gá lọ́sàn-án, níbi tó ti lọ wá iṣẹ́. Ẹni tó fún alágbe lóúnjẹ, ọmọ ọba ni alágbe ọ̀hún yóò já sí. Nígbà tí ọmọdé bá ti wo irú rẹ̀ tó mẹ́wàá, kí ni yóò rí lára àlejò bí kò ṣe àdó tí a kò tíì fọ́?

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Àdúgbò ilé gbígbé ni òpópó Òtìgbà tẹ́lẹ̀, kí àwọn oníkọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Nígbà tí fóònù GSM dé ní 2001, ọjà náà kún dé títì. Bí ẹni tí kò débẹ̀ rí, tí fóònù rẹ̀ bàjẹ́, bá yà wọlé láti Awolowo Way, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún un: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá, ẹ jẹ́ n mú yín débẹ̀." Ọ̀kan ń mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́, yóò sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Ìkejì ń mú un lọ síbi tí wọn yóò ti yọ tirẹ̀ fún un lórí owó tí àlejò bá san. (A kò bá alágbàtà jà; iṣẹ́ ni, bí kò bá fi irọ́ ṣe é.) Ìtàn tó ń fi èrè parí gbogbo oore kò lè kọ́ ọmọ wa ní ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, nítorí àdó ni ó ní kí àwọn méjèèjì máa retí.

Nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka fífi ọ̀nà han ẹni tó ṣìnà mọ́ sàráà, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ sí ọmọ ìyá ẹni àti mímú òkúta àti ẹ̀gún kúrò lọ́nà. Kò sí ibi tí ẹni tó ṣìnà náà ti padà wá di ọlọ́lá. Èrè wà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ló wà, kò sí lápò àlejò.

Ẹ tún wo Sùúrà Al-Máàúnù, Sùúrà 107 nínú Àlùkùránì, tí kò ju ẹsẹ méje lọ. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Sàhábà Abdullahi ọmọ Masúdù ṣàlàyé pé láyé Ànábì, yíyá ara ẹni ní korobá àti ìkòkò ni àwọn ń pè ní máàúnù. Àwọn mìíràn ní sàká ni. Ní tiwa, àlàyé ìkòkò ló mú wa jù. Sùúrà náà mẹ́nu ba ẹni tó ń lé ọmọ òrukàn, ẹni tó gbàgbé ìrun rẹ̀, àti alákàrímì, ó wá gúnlẹ̀ sórí ìkòkò. Alákàrímì lè kírun kí ayé rí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un nítorí ìkòkò.

Ní Òtìgbà, ìkòkò yìí ti di ṣájà, ó ti di wáyà tí a nà láti ara jẹnẹrétọ̀ ẹni sí ṣọ́ọ̀bù ẹnìkejì nígbà tí iná bá lọ, ó ti di àpótí tí a gbé fún ìyá àgbà tó ń dúró de fóònù rẹ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ó ti di "Ẹ bá mi wo ṣọ́ọ̀bù, mo ń lọ kírun Àsárì." Ẹni tí a ń bẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọmọ Ìgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tó ní ọjà tirẹ̀ láti tà. Àwa tí à ń kírun ni Sùúrà náà ń bá wí, síbẹ̀ máàúnù ẹlòmíràn ló fún wa láyè láti kírun náà. Òǹkọ̀wé wo ló ti kọ ìtàn ẹni tó jókòó ti ṣọ́ọ̀bù yẹn? Kò sí ọmọ ọba nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé oníbàárà tirẹ̀ lè dé ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kí ó má bá a nídìí ọjà, kí ó sì kọjá lọ. Ibẹ̀ ni ìtàn wà.

Bí a bá fi ojú yìí padà wo àlọ́ ọjọ́sí, a ó rí i pé ibi tó dára jù nínú rẹ̀ ni apàlọ́ ń sáré kọjá. Nígbà tí ọmọ òrukàn ń fọ ẹ̀yìn ìyá náà, kò tíì gbọ́ nípa àdó kankan. Egbò ló rí. Igbá tó ń wá ń bá odò lọ, ìyàwó bàbá sì ń dúró dè é nílé. Gbólóhùn kan péré ni apàlọ́ ń fún ibẹ̀. Ọrọ̀ tó tú jáde ló ń kà lọ títí: ẹṣin, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó bèèrè pé, lẹ́yìn tí ọmọ náà ti kó ẹrù rẹ̀ délé, ta ló ń bá ìyá arúgbó yẹn fọ ẹ̀yìn lọ́jọ́ kejì.